Ọjọ́ Tí Òrùlé Bá Ṣí Sílẹ̀

Ẹni tó bá gun ilé ìṣọ́ Bower ní òkè Àrẹ́mọ, èyí tí àwọn ọmọ Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, òrùlé ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Láti 1936 tí wọ́n ti kọ́ ọ ni àwọn àlejò ti ń gùn ún lọ wo páànù tó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú ò lè ríran mọ́. Púpọ̀ nínú páànù ọ̀hún ló ti dógùn-ún. Àwọn akéwì ti yin àwọ̀ pupa yẹn, àwọn ayàwòrán sì ti sọ ọ́ di àmì ìdánimọ̀ ìlú náà. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ kò rí ewì kan níbẹ̀. Ohun tó ń rò ni bóyá òrùlé òun máa lè gba òjò ọdún yìí kọjá, àti iye tí yóò ná òun bí kò bá lè gbà á.

Bí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ òrùlé bá délẹ̀ nínú ilé, orí owó páànù ló máa ń parí sí. Eélòó ni mítà kan? Èwo ló máa bá ọ̀dà ara ògiri lọ, búlúù ni tàbí aláwọ̀ ewé? Kò burú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí onílé rà mọ́ páànù, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan: àkọsílẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ni òrùlé máa ń ṣí sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, ohun gbogbo tí yóò tún pa mọ́ fún ìran kan wà ní gbangba: orí ògiri, igi tó jókòó lé e, wáyà iná, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà. Bí káfíńtà bá ti kan páànù tó gbẹ̀yìn tán, gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ àfẹnusọ. Onílé tó wọ̀n ọ́n, tó kọ ọ́, tó ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó, òun nìkan ló mọ ohun tó wà lókè orí òun.

Láyé ìgbà tí koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bolé, kò sí ìdí láti kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òrùlé koríko kì í pẹ́. Ọwọ́ tó bò ó lónìí náà ló máa tún un bò. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n a máa ru koríko bẹẹrẹ wá fún òrùlé ààfin Aláàfin, ibẹ̀ sì ni ọdún Bẹẹrẹ ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ìlú bá ń tún ṣe lọ́dọọdún kì í di àwámárìídìí fún ìlú. Páànù ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ tó fi ní òkè tó ní kòtò. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí fífi síńkì yíyọ́ bo irin kí ó má baà dógùn-ún. Ohun tí àwọn méjèèjì gbé jáde pẹ́ lórí ilé tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọmọ ló sábà máa ń pààrọ̀ páànù tí bàbá kàn. Bàbá ti lọ, káfíńtà rẹ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ irú igi tó wà lókè níbẹ̀.

Níbo ló ti ń jò gan-an?

Ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Omi á gba ihò ìṣó kan wọlé lókè, á rọra tẹ̀lé igi sọ̀ kalẹ̀ fún mítà mélòó kan, á wá ibi tí àjà ti rọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wá kán sórí ibùsùn. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà tó dúró nínú yàrá, tó nàka sókè, tó ní "Ibí yìí ni," fi máa ń padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wọ inú àjà lọ, tàbí kí ẹ rán ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Orí igi ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ o, ẹ má tẹ pátákó àjà. Ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ihò ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì padà, kí ẹ wá àbàwọ́n dúdú lára igi àti ojú ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán mọ. Ẹ mú súkúrúdíráfà, kí ẹ fi gún igi náà níbi tó ti pàdé ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi tó yè kooro kò ní gbà fún un. Èyí tó ti jẹrà yóò gbà á wọlé bí iṣu sísè.

Ẹ tún padà lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ ya àwòrán ilé náà sínú ìwé, yàrá ní yàrá, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ibi kọ̀ọ̀kan tó ń jò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti irú òjò tó rọ̀. Irú òjò yẹn ṣe kókó. Ibi tó ń jò nínú gbogbo òjò, ihò ló wà níbẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé òjò oníjì nìkan ló ń mú un jò, ojú ìpàdé páànù méjì, góńgó òrùlé, tàbí ibi tí páànù ti pàdé ògiri ni kí ẹ wò, pàápàá ní apá ìlà-oòrùn ilé, nítorí láti ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti sábà máa ń wá nílẹ̀ wa. Ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí òjò ti dá, omi ló dúró síbìkan: gọ́tà ti dí, tàbí ẹ̀yìn párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú etí òrùlé, ti di adágún. Bí igi bá sì ń tutù láàárọ̀ kùtù láìsí òjò rárá, ẹ má tíì dá páànù lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé ló gòkè lọ bá irin tútù, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì di omi. Ìwé kan báyìí, tí wọ́n fi ìgbà òjò kan kọ, yóò jẹ́ kí onílé mọ òrùlé rẹ̀ ju oníṣẹ́ èyíkéyìí tó bá dé lọ.

Ìwé yẹn náà ló máa sọ bóyá àtúnṣe ló yẹ tàbí ìpààrọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ìṣó bá ti tú, tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ sì ti gbẹ, ẹ fi sukúrúù olórọ́bà tuntun rọ́pò wọn, ọdún mélòó kan á tún lọ sí i. Páànù tó ti pọ́n látòkè délẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Síńkì ni ẹ̀ṣọ́ irin, òun ni òjò àti afẹ́fẹ́ máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìgbà tó bá tán ni irin yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Létí òkun l'Ékòó, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó tán. Ọ̀dà dúdú tí àwọn ènìyàn ń kùn sójú ihò kò lè dá síńkì padà. Ihò mìíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Bí igi ló bá sì ti jẹrà, kò sí páànù tó lè gbà á là.

Téèpù dípò ojú

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta páànù kì í gun òrùlé. Wọ́n á yípo ilé, wọ́n á fojú wò ó, wọ́n á sọ iye mítà. Onílé tí kò ní iye tirẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ohun tó máa fi dá wọn lóhùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wọn gígùn àti ìbú ilé láti etí òrùlé dé etí òrùlé, kì í ṣe láti ògiri dé ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú àjà, kí ẹ dúró síbi tí igi tó dàgẹ̀rẹ̀ ti pàdé igi tó dùbúlẹ̀. Ẹ wọn mítà 1 lórí èyí tó dùbúlẹ̀ láti ojú ìpàdé náà, kí ẹ wọn láti ibẹ̀ lọ sókè tààrà títí ẹ ó fi kan èyí tó dàgẹ̀rẹ̀. Bí òkè yẹn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, ìdàgẹ̀rẹ̀ òrùlé yín jẹ́ ìwọ̀n (dígírì) 30, mítà kan nílẹ̀ á sì di nǹkan bí mítà 1.15 lórí òrùlé. Bí ó bá jẹ́ mítà 1 gééré, ìwọ̀n 45 ni, mítà kan nílẹ̀ á di 1.41.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní mítà 12, tí etí òrùlé rẹ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60 lápá gbogbo. Ìyẹn di 16.2 lọ́nà 13.2, nǹkan bíi mítà onígunmẹ́rin 214 nílẹ̀. Ní ìwọ̀n 30, páànù tó máa bò ó jẹ́ nǹkan bíi 247. Ní ìwọ̀n 45, ó di 302. Bóyá ẹ̀gbẹ́ méjì ni òrùlé náà ní tàbí mẹ́rin, bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá ti dọ́gba, iye yẹn kò ní yí padà. Èyí tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kàn máa ń fi páànù ṣòfò jù nígbà tí wọ́n bá ń gé e ni. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún gígé àti ìlébora. Ìyàtọ̀ mítà onígunmẹ́rin 55 tó wà láàárín 247 àti 302, owó ẹwà nìyẹn. Àṣà òrùlé gíga gogoro ti gba ìgboro báyìí, mo sì ti rí ilé oníyàrá méjì tí òrùlé rẹ̀ ga ju ògiri rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé igi, ìṣó àti owó iṣẹ́ náà á gòkè pẹ̀lú rẹ̀, àti pé kò yẹ kí ó yí ìrísí òrùlé padà bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìkọ́lé ní àdúgbò rẹ̀.

Ibi tí ìrẹ́jẹ pọ̀ sí jù ni nínípọn. Alumíníọ̀mù tí wọ́n ń gé sí gígùn ilé ni ọ̀pọ̀ ń rà báyìí, milimítà 0.45, 0.55 tàbí 0.7. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ 0.45 sí 0.55, ìka pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Òṣùwọ̀n mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n gé èyí tí kò tíì ní òkè àti kòtò, sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà 10, kí ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Èyí tó jẹ́ 0.55 yóò wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 15. Èyí tó jẹ́ 0.45 yóò jẹ́ nǹkan bíi 12. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lè fi díẹ̀ kún un. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n náà, kí rìsíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òǹtàjà tó bá bínú sí èyí ti dáhùn ìbéèrè yín.

Igi náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn, bíi ti ibòmíràn, igi tí wọ́n ń pè ní 2 lọ́nà 4 kì í sábà pé íǹṣì 2 lọ́nà 4. Ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó dì í sọ́kọ̀. Ẹ bi wọ́n lórúkọ igi. Ìrókò àti òpèpè lè dojú kọ ikán. Afàrà rọrùn láti rí, ó sì dín lówó, ṣùgbọ́n ó nílò oògùn ikán kó tó gòkè. Ojú ibi tí wọ́n bá gé gbọ́dọ̀ tún gba oògùn, nítorí ibẹ̀ ni ikán máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn káfíńtà máa ń gbàgbé. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa súnkì nígbà tó bá gbẹ, ìṣó á sì tú nínú rẹ̀.

Ìgbà wo, àdéhùn wo

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ìgbà tó dára jù láti ṣí òrùlé. Ní oṣù Kẹta, òjò oníjì lè dé lójijì, òun gan-an ló máa ń ṣí òrùlé kiri. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà òjò jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún; ó yẹ kí onílé kà á ju àwọ̀ páànù lọ. Síbẹ̀, ẹ ní tàpólì ńlá nílẹ̀ kí ìṣó àkọ́kọ́ tó tú, kí ẹ sì ṣí òrùlé náà lápá kan, kí ẹ bò ó, kí ẹ tó ṣí apá kejì.

Owó ọjà kì í dúró. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ alumíníọ̀mù ti ń wá, láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba sì ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, iye tí wọ́n bá dá lónìí lè yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo iye tí wọ́n bá kọ fún yín.

Àdéhùn pẹ̀lú káfíńtà kò nílò lọ́yà. Ojú ìwé kan tó. Ta ló máa ra ìṣó? Ta ló máa tún àjà ṣe bí ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ bá já a? Ta ló ni páànù àlòkù àti igi tí wọ́n bá tú sílẹ̀? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ti da ọ̀pọ̀ àárín rú, nítorí páànù àlòkù ń di owó, káfíńtà sì gbà pé tòun ni, onílé náà gbà pé tòun ni, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ síta tẹ́lẹ̀. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí ìpele: àsansílẹ̀, ti ìgbà tí igi bá dúró, ti ìgbà tí páànù bá parí, àti èyí tó máa kù sílẹ̀ títí òjò fi máa rọ̀.

Nígbà tí òrùlé wà ní gbangba

Ọjọ́ yìí ni kí onílé má lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá lè dúró, kó fi ẹni tó mọ̀wé sílẹ̀.

Fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa yà: ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, tí ènìyàn fi lè mọ yàrá wo ni, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan ní ìtòsí pẹ̀lú téèpù nínú àwòrán náà, kí ìwọ̀n lè hàn. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ya ilé láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà, kí ìtẹ̀síwájú iṣẹ́ lè hàn láìsí ẹjọ́ kankan. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lórí WhatsApp nìkan, nítorí ó máa ń dín àwòrán kù. Fóònù sì lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde máa ń pa rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ yà á.

Kí ni kí ẹ yà? Orí ògiri ṣáájú. Igi tó jókòó lórí ògiri gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn, kì í ṣe kó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ìjì máa ń ti òrùlé lulẹ̀. Fífà ló ń fà á sókè. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí páànù máa ń fà á, èyí tó wọ abẹ́ etí òrùlé náà á máa tì í láti ìsàlẹ̀, etí àti góńgó ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìwúwo páànù kò lè dá a dúró. Irin tí bíríkìlà fi sínú kọnkéré orí ògiri, tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi di igi mọ́ ògiri ní ojú igi kọ̀ọ̀kan, ló lè dá a dúró. Nínú ilé àtijọ́, ìṣó méjì péré ni ẹ máa bá níbẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ẹ kò bá tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ó di ọgbọ̀n ọdún mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, wáyà iná. Kí oníná pa iná láti orísun kó tó di pé ẹnikẹ́ni gòkè, kó sì yẹ gbogbo ibi tí eku ti jẹ wáyà àti ibi tí wọ́n ti fi téèpù so ó pọ̀. Ẹ ya ojú ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi fáànù kún yàrá ni ẹ máa dúpẹ́.

Ẹ wo ibi tí irin àti alumíníọ̀mù ti fara kan ara wọn. Ìṣó irin lásán lára páànù alumíníọ̀mù máa jẹ ẹ́ lójú ihò bí omi bá ti ń débẹ̀, sìmẹ́ǹtì tútù náà máa ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí òrùlé tí wọ́n fi párápẹ́ẹ̀tì pamọ́, èyí tó wọ́pọ̀ lára ilé ìgbàlódé, fi ń tètè jò létí ògiri: páànù wọ inú sìmẹ́ǹtì, ó jẹrà, omi sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni wọ́n béèrè, màá ní kí onílé fi párápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹni tó ní owó àtúnṣe lọ́dọọdún.

Ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó nípọn, tó le, tó sì lè fọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti páànù lọ. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè ni, ó wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1960 sí 1980 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá lórí òrùlé tàbí lára àjà. Bí ó bá wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ tàbí tí wọ́n fi ayùn là á ni eruku tín-ín-tín tí ojú kò lè rí máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó máa ń fà sì lè fara pamọ́ fún ogún sí ogójì ọdún kí ó tó yọjú, àrùn jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀. Ẹ fi omi rin ín, ẹ tú ìṣó rẹ̀, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódindi, ẹ fi ọ̀rá dì í. Ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àfọ́kù rẹ̀ lọ fi dí kòtò ojú ọ̀nà níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e kúrò àti ibi tí ẹ gbé e lọ.

Owó ta ni, ilé ta ni?

Ilé ẹbí ni ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń gbani lọ́wọ́ ìjà jù. Ọmọ kan rí owó, ó pààrọ̀ òrùlé ilé bàbá wọn. Ogún ọdún kọjá, àwọn ọmọ tirẹ̀ dìde, wọ́n ní, "Bàbá wa ló kọ́ ilé yìí," nítorí páànù tí bàbá wọn kàn ni wọ́n bá lókè. Àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ náà gbà, ni pé ẹni tó tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ọ́ di tara rẹ̀. Ilé náà ṣì jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó náwó ní lérò lọ́jọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Ẹ̀bùn ni? Àbí owó tí wọ́n máa dá padà díẹ̀díẹ̀ látinú owó àwọn ayálégbé? Kí ó wà lórí ìwé, kí mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn àbúrò náà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń ti ènìyàn lójú láti gbé ìwé síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó wà lókè òkun. London ni owó ti wá, tàbí Houston. Ìyá tàbí àbúrò ló wà nílé tó ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, páànù ti dé o."

"Ẹ kú iṣẹ́. Mélòó ni?"

"Ó pọ̀, mà."

"Ó pọ̀" kì í ṣe iye. Nígbà tí Àǹtí bá dé ní oṣù Kejìlá, tó wo òkè, tó sì rí i pé apá ẹ̀yìn ilé ṣì ń lo páànù àtijọ́, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò má jí kọ́bọ̀ kan. Ó lè jẹ́ pé owó ló tán, tó sì ń tijú láti sọ ọ́. Ìwé tí wọ́n kọ iye páànù tó wọlé sí, iye tí wọ́n kàn, iye tó ṣẹ́kù, pẹ̀lú fọ́tò àti rìsíìtì lójoojúmọ́, ẹni tó wà nílé ló ń dáàbò bò ju ẹni tó fowó ránṣẹ́ lọ. Fídíò tí ẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n bí ìpè bá ti parí, kò sí ohun tó kù.

Ìlò mìíràn wà fún fáìlì tí ẹ bá kó gbogbo ìwé àti fọ́tò wọ̀nyí sí. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ìbúgbàmù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Ẹ̀mí lọ sí i, ilé púpọ̀ bàjẹ́, òrùlé ṣí. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ìjọba ló fẹ́ ṣèrànwọ́ tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò ló fẹ́ san owó, ìbéèrè kan náà ni: báwo ni ilé yín ṣe rí tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ní fọ́tò òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti rìsíìtì kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

Nígbà tí òjò bá dé

Kí káfíńtà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fún un ní máákà tó nípọn tí kì í pa rẹ́, kó kọ ọ́ sára igi ńlá inú àjà: oṣù àti ọdún, irú igi, nínípọn páànù, oògùn ikán tí wọ́n lò. Ìwé lè sọnù nígbà kíkó lọ sí ilé mìíràn. Igi náà kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ tọ́jú páànù méjì tàbí mẹ́ta tó bá ṣẹ́kù, kí ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ọn, nítorí iléeṣẹ́ máa ń yí àwọ̀ padà, èyí tí ẹ bá sì lọ wá lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ lè má bá tẹ́lẹ̀ mu mọ́.

Gọ́tà ni wọ́n máa ń fi sí ìparí, nígbà tí owó ti tán. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: milimítà 1 òjò lórí mítà onígunmẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, tó gba mítà onígunmẹ́rin 214 nílẹ̀, yóò da lítà 5,350 sílẹ̀ nínú òjò milimítà 25, èyí tí òjò líle lè rọ̀ láàárín wákàtí kan. Bí kò bá rí gọ́tà gbà, ìdí ìpìlẹ̀ ni yóò máa gbẹ́. Ẹni tó bá gbé táǹkì sábẹ́ rẹ̀ ti rí omi fífọṣọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Owó tó kù lọ́wọ́ onílé, ẹ má san án nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀pá omi rin òrùlé tí wọ́n ní ẹ wá wò ó. Omi ọ̀pá kò ní ìjì nínú. Ẹ dúró de òjò oníjì ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ mú ìwé ọjọ́sí tí ẹ fi nọ́ńbà sí, kí ẹ wọ inú àjà lọ, kí ẹ sì yẹ ibi kọ̀ọ̀kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbẹ, ẹ fà á rẹ́. Èyí tó bá ṣì tutù, ẹ pe káfíńtà kó wá wò ó fúnra rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ọjọ́ tí gbogbo nọ́ńbà bá ti kúrò nínú ìwé ni kí ẹ sanwó rẹ̀ pé, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹn náà sínú fáìlì.